Ìbàdàn la ti ṣègbéyàwó, Maryland la ti gbé, Texas ni mo wà báyìí: kóòtù wo ni mo máa lọ?

Àdùnní Katy · 9 oṣù kẹfà

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé mi. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, ìgbà àkọ́kọ́ tí màá kọ nǹkan nìyí. Ẹ má bínú tó bá gùn.

Ọdún 2014 ni mo lọ́kọ ní Ìbàdàn. A ṣe ìdána nílé bàbá mi ní Mọ́kọ́lá ní Ọjọ́bọ̀, a lọ sí rẹ́jísìtírì lọ́jọ́ Ẹtì, a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé. Ọdún 2018 ni mo wá bá a ní Maryland. Ọmọ méjì ni a bí. Mi ò fẹ́ ro gbogbo ẹjọ́. Kò nà mí rí. Àmọ́ láti oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, yàrá àwọn ọmọ ni mò ń sùn, lórí fóòmù tí mo máa ń ká sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn tílẹ̀ bá ti mọ́. A kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ àyàfi tó bá jẹ́ ti owó iná tàbí ti ilé ìwé. Ó ní obìnrin míì, kò sì fi pa mọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ni mo kó àwọn ọmọ wá sí Katy nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo rí. Òun fúnra rẹ̀ ló wà wá lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ó bá wa gbé àpótí sílẹ̀, ó ní kí n máa lọ, ọkàn òun ti kúrò níbẹ̀.

Mo fẹ́ kí ìwé parí. Ìmọ̀ràn tí oníkálukú ń gbà mí ló ń da orí mi rú. Àǹtí mi ní Ìbàdàn ní ibi tí wọ́n ti so wá pọ̀ nìkan ni wọ́n ti lè tú wa. Ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ ní kí n lọ kó ẹ̀rí àgbèrè jọ, fọ́tò àti mẹ́sééjì, kí n tó lè dé iwájú adájọ́. Ìyá ọkọ mi ní tí mo bá ti dá owó orí padà, ó tán. Ọkọ mi alára ní òun ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan, pé tí òun ò bá ti fọwọ́ sí i, ìyàwó òun ni mo jẹ́ títí ayé. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni òótọ́?

Ìyá Ìbejì Houston · 9 oṣù kẹfà

Àbúrò mi, ẹ kú ìfaradà. Mo gba ọ̀nà yìí kọjá ní Houston níbí lọ́dún 2019. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá yín sọ ẹrù kan kalẹ̀: kóòtù Amẹ́ríkà, ibi tí ẹ ń gbé ló ń wò, kì í wo ibi tí ẹ ti jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó. Ìgbéyàwó tó bá ti bófin mu níbi tí ẹ ti ṣe é, wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀ níbí, adájọ́ ibí sì lè tú u. Sàtífíkéètì rẹ́jísìtírì Ìbàdàn ni èmi náà mú lọ, kò sẹ́ni tó ní kí n padà sílé lọ tú u.

Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ló ń ṣòfin ìkọ̀sílẹ̀ níbí o. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn ẹni tó wà ní New Jersey fi lè ṣì yín lọ́nà. Ní Texas, ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ ti gbé ìpínlẹ̀ yìí fún oṣù mẹ́fà gbáko kí ìwé tó wọlé, kó sì ti lo 90 ọjọ́ nínú kaúńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) tí ẹ ti fẹ́ pẹjọ́. Ẹ fetí sí ti kaúńtì yẹn dáadáa, nítorí Katy tí ẹ wà yẹn, kaúńtì mẹ́ta ló pín in mọ́wọ́: Harris, Fort Bend àti Waller. Ẹ má fi orúkọ ìlú ṣe é. Ẹ fi àdírẹ́sì yín wádìí kaúńtì tí ilé yín wà gan-an.

Tí ìwé bá ti wọlé, 60 ọjọ́ gbọ́dọ̀ kọjá kí adájọ́ tó lè fọwọ́ sí i, bí ẹ̀yin méjèèjì tilẹ̀ ti fẹnu kò lórí gbogbo nǹkan. Lẹ́yìn tó bá sì fọwọ́ sí i, ẹ óò tún dúró fún 30 ọjọ́ kí ẹ tó lè fẹ́ ẹlòmíì, àyàfi tí kóòtù bá yọ̀ǹda.

Ní ti ẹ̀rí àgbèrè, ẹ ò nílò rẹ̀ láti lè pẹjọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú òfin Texas ni insupportability. Ohun tó ń sọ ni pé àìṣọ̀kan ti ba ìgbéyàwó náà jẹ́ débi pé kò sí ìrètí pé ẹ lè parí ìjà. Òfin Texas tún ka àgbèrè, ìwà ìkà àti kí ẹnì kan pa ẹnì kejì tì mọ́ àwọn ìdí, wọ́n sì lè ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń pín ohun ìní, àmọ́ wọn kì í ṣe ilẹ̀kùn tí ẹ gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Lọ́jọ́ tí mo dúró níwájú adájọ́, ìbéèrè díẹ̀ ló bi mí, mo dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo rẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti fi kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí. Kò sẹ́ni tó ní kí n sọ ọ́. Mo jókòó sínú mọ́tò, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ara mi kí n tó tan iná ọkọ̀.

Bàbá Akọ̀wé, Ìbàdàn · 9 oṣù kẹfà

Ọmọ mi, mo kí ọ. Mo ṣiṣẹ́ akọ̀wé kóòtù níbí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Jẹ́ kí n tú ti Ìbàdàn sí wẹ́wẹ́, nítorí àṣìṣe tó wà nínú ọ̀rọ̀ àǹtí rẹ wọ́pọ̀ gan-an.

Lójú ẹbí, ìgbà mẹ́ta lẹ ṣègbéyàwó. Lójú òfin Nàìjíríà, ti rẹ́jísìtírì ló ń darí ìyókù. Kóòtù ìbílẹ̀, irú èyí tó wà ní Mápó, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ló lè tú. Kò lágbára lórí ti rẹ́jísìtírì. Mo rí ẹni tó gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀, tó fi ìwé yẹn lọ fẹ́ ìyàwó míì ní rẹ́jísìtírì, tí ọ̀rọ̀ wá di aya méjì lábẹ́ òfin tí kò gba ju ẹyọ kan. Ilé Ẹjọ́ Gíga ni wọ́n ń gbé ti rẹ́jísìtírì lọ. Òfin tí wọ́n ń lò ni Matrimonial Causes Act ti ọdún 1970, kan náà ni jákèjádò Nàìjíríà, kò dà bíi ti ọ̀dọ̀ yín.

Ìdí kan ṣoṣo ni òfin yẹn mọ̀: pé ìgbéyàwó ti túká kọjá àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ẹjọ́ wá gbọ́dọ̀ fi nǹkan tì í lẹ́yìn nínú àwọn tí òfin kà sílẹ̀. Àgbèrè tí o kò lè fara dà wà níbẹ̀. Ìwà tí èèyàn ò lè retí pé kó o fara mọ́ wà níbẹ̀. Kí ó ti pa ọ́ tì fún ọdún kan ó kéré tán. Kí ẹ ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì tí ẹnì kejì ò sì takò ó, tàbí ọdún mẹ́ta bó tilẹ̀ takò ó. Àwọn míì wà. Tí adájọ́ bá sì ti dá a, oṣù mẹ́ta ló tún ń dúró kó tó di àṣepé. Òfin náà tún ń béèrè pé kí ẹni tó pẹjọ́ fi Nàìjíríà ṣe ibùgbé pàtàkì, ìyẹn ilé tó ní lọ́kàn láti padà sí. Ìwọ tó ti fìdí kalẹ̀ sí Amẹ́ríkà, kí lo fẹ́ wá fi ara rẹ wọ́lẹ̀ dé Ìbàdàn fún?

Ní ti owó orí, ọ̀rọ̀ ìdílé nìyẹn, mi ò fojú kéré rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fa ìwé rẹ́jísìtírì ya. Bi bàbá rẹ léèrè: ṣé wọ́n tilẹ̀ gba owó orí náà lọ́jọ́ ìdána? Ọ̀pọ̀ ìdílé níbí ló máa ń dá àpòòwé náà padà fún àwọn àna lójú agbo, pé àwọn ò ta ọmọ. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ni wọ́n ní kó o dá padà?

Àdùnní Katy · 9 oṣù kẹfà

Bàbá, ẹ ṣeun sà. Mo ti pe bàbá mi. Wọ́n dá a padà lóòótọ́. Wọ́n ní ìyá ọkọ mi ló na ọwọ́ gba àpòòwé náà, tó sì jó pẹ̀lú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé mà. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ni oṣù mẹ́fà mi máa pé ní Texas. Màá dúró dìgbà yẹn.

Ọmọ Àkúrẹ́, Bowie · 10 oṣù kẹfà

Ẹ dákun, kí Àdùnní má tíì sàmì sí oṣù kẹsàn-án o. Ọ́fíìsì lọ́yà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Maryland. Èmi kì í ṣe lọ́yà, kí wọ́n rí lọ́yà gidi kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀. Àmọ́ mo rí nǹkan nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn.

Ọkọ wọn ṣì ń gbé Maryland. Kì í ṣe ẹni tó ń pẹjọ́ nìkan ni òfin ń wò, ẹnikẹ́ni nínú tọkọtaya tó bá jẹ́ ará ìpínlẹ̀ náà, ó tó. Maryland ò ní oṣù mẹ́fà kankan láti béèrè tó bá jẹ́ pé inú ìpínlẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Tó bá jẹ́ ìta ló ti bàjẹ́ ni ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ ti lo oṣù mẹ́fà, ọkọ wọn sì ti lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé Àdùnní lè jókòó sí Katy kó sì pẹjọ́ ní kaúńtì tí ọkọ rẹ̀ ń gbé lónìí.

Èkejì, ilé àti owó. Ẹ ò sọ bóyá ẹ ní ilé, àmọ́ tí ẹ bá ní, Maryland ló wà. Kóòtù Texas lè tú ìgbéyàwó yín lóòótọ́ tí oṣù mẹ́fà bá pé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kò gbé Texas rí, tí kò sì yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún kóòtù ibẹ̀, ó lè ṣòro fún adájọ́ Texas láti pín ohun ìní tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kó pàṣẹ owó ìtọ́jú ọmọ lé e lórí. Ẹ lè wá gba ìwé tó sọ pé ẹ kì í ṣe tọkọtaya mọ́, kí gbogbo ìyókù sì wà nílẹ̀, kí ẹ tún wá bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ kejì ní Maryland.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ọmọ, èyí ló jẹ mí lógún jù. Ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti gbé fún oṣù mẹ́fà tó ṣíwájú ẹjọ́ ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ọmọ máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí ọmọ bá kúrò, tí òbí kan ṣì kù síbẹ̀, agbára yẹn ò tíì kúrò lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ títí oṣù mẹ́fà fi kọjá. Láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹsàn-án, Maryland ló ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí. Tí Àdùnní bá ń retí ọjọ́ Texas, tí ọkọ rẹ̀ sì pẹjọ́ ní Maryland ní oṣù kẹjọ, òun ló máa di olùpẹ̀jọ́, òun ló máa kọ́kọ́ ro tẹnu rẹ̀ nípa bí àwọn ọmọ ṣe kúrò nílé. Ìdí tí mo ṣe ní kí wọ́n yára bá lọ́yà sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ìdí tí wọ́n lè fi pẹjọ́ náà ti rọrùn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2023, Maryland ti pa àgbèrè, ìwà ìkà, ìpatì àti gbogbo irú wọn rẹ́ kúrò nínú ìdí ìkọ̀sílẹ̀. Mẹ́ta ló kù: kí ẹ ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún oṣù mẹ́fà, kí ọ̀rọ̀ yín má lè wọ̀ mọ́, tàbí kí ẹ̀yin méjèèjì jọ fọwọ́ sí àdéhùn tó parí gbogbo rẹ̀. Kókó kan wà níbẹ̀ fún Àdùnní: orí òrùlé kan náà lè jẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí oníkálukú bá ń gbé ìgbé ayé tirẹ̀. Fóòmù tó ń ká sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ láti oṣù kọkànlá, ọjọ́ náà ni òǹkà rẹ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ti kọjá. Kódà ká ní kò tíì pé, ìdí kejì yẹn kò ní ọjọ́ tí wọ́n ń kà.

Fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí wẹ́ẹ̀bù àwọn kóòtù Maryland, nọ́ńbà rẹ̀ ni CC-DR-020. Tó bá jẹ́ Prince George's ni ọkọ yín wà, Upper Marlboro ni Circuit Court wọn wà, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì Houston · 10 oṣù kẹfà

Ọmọ Àkúrẹ́, Ọlọ́run á bù kún yín. Ọkọ tèmi wà ní Houston níbí nígbà tí mo pẹjọ́, mi ò rò ó dé ibi kí ọkọ wà ní ìpínlẹ̀ míì. Àdùnní, ẹ tẹ̀ lé tiwọn.

Màmá Brooklyn · 10 oṣù kẹfà

Inú mi dùn pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń rí ohun tí a ò rí. New York ló kẹ́yìn nínú gbogbo ìpínlẹ̀ láti gbà kí èèyàn kọ ẹnì kejì sílẹ̀ láìka ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn, oṣù kẹwàá ọdún 2010 ló bẹ̀rẹ̀. California ti ṣe tiwọn láti 1970. Ọdún 2008 ni mo pẹjọ́ tèmi. Mo ní láti fi hàn pé ó hùwà ìkà sí mi. Mo kó ìwé dókítà dání, mo bẹ obìnrin kan nínú ìjọ wa kó wá jẹ́rìí. Nígbà tí wọ́n ní kó sọ ohun tó rí, ó wo ilẹ̀, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Títí di òní, a ṣì jọ ń kí ara wa.

Lónìí ní New York, ẹ búra pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, ìyẹn ti tó ìdí. Ti gbígbé ìlú ni wọ́n le lé lórí: ọdún kan tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹ ti ṣègbéyàwó tàbí ti jọ gbé, ọdún méjì tí kò bá sí nǹkan kan tó so yín mọ́ ibẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Lọndọnu tàbí Èkó ní láti mọ ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Lithonia · 10 oṣù kẹfà

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àgbèrè ò já mọ́ nǹkan níbi gbogbo o. Ní Georgia, ìdí 13 ló wà nínú òfin, pé ìgbéyàwó ti bàjẹ́ pátápátá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, òun lọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi hàn pé àgbèrè ẹnì kan ló tú ilé náà ká, ẹni yẹn ò lè gba owó ìtọ́jú ara rẹ̀ (alimony) lọ́wọ́ ẹnì kejì. Oṣù mẹ́fà ni gbígbé ìlú tiwa. Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń kà á náà, ẹ rántí pé òfin yìí kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo.

Charlotte Ọmọ Ìjẹ̀ṣà · 10 oṣù kẹfà

North Carolina yàtọ̀ pátápátá. Ọdún kan gbáko lẹ gbọ́dọ̀ fi gbé ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Yàrá ọ̀tọ̀ ò tó níbí. Fóòmù Àdùnní ò ní wúlò fún un ní Charlotte.

Ìyá Ìjọ, Chicago · 11 oṣù kẹfà

Ọmọ mi, mo ka gbogbo rẹ̀. Mi ò bá ẹ jà. Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni bóyá pásítọ̀ tàbí àgbà kan ti bá ẹ̀yin méjèèjì jókòó. Ìgbà míì, ojú kan tí ọkùnrin ń tì ló ń mú un gbójú.

Àdùnní Katy · 11 oṣù kẹfà

Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a jókòó. Pásítọ̀ bá wa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àbúrò bàbá mi láti Dallas, àti bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Níwájú bàbá rẹ̀ ló ti sọ pé òun ti gba ilé fún obìnrin náà. Bàbá náà dákẹ́ pẹ́, ó ní "Àdùnní, dárí jì wá," ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Kò sí ohun tó kù láti jókòó lé lórí, mà.

Mo ti bá lọ́yà kan ní Maryland sọ̀rọ̀ lórí fóònù lónìí. Ohun tí Ọmọ Àkúrẹ́ sọ náà ni wọ́n sọ. Ó ku ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí yìí. Ṣé òótọ́ ni pé tí kò bá fọwọ́ sí i, ó lè dá mi dúró?

Tópẹ́ Silver Spring · 11 oṣù kẹfà

Rárá o. Ìfọwọ́sí rẹ̀ á mú kó yá, àmọ́ kò lè di ilẹ̀kùn. Ohun tí òfin fẹ́ ni kí ìwé ẹjọ́ dé ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, kó sì ní àǹfààní láti fèsì. Tó bá jẹ́ inú Maryland ni ìwé ti bá a, 30 ọjọ́ ló ní. Tó bá jẹ́ ìpínlẹ̀ míì, 60 ọjọ́. Tí kò bá fèsì, ẹ lè ní kí kóòtù máa bá ẹjọ́ lọ láìsí i.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ìwé ṣe máa dé ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fún ọkọ mi ní tèmi. Ọjọ́ ìbí ọmọ wa ni, a wà ní kíṣíìnì, mò ń gé kéèkì, mo fà á yọ nínú báàgì mi mo sì gbé e lé e lọ́wọ́. Mo rò pé mo ti ṣe é parí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni kóòtù dá ìwé mi padà, nítorí ẹni tó ń pẹjọ́ ò gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ mú ìwé fún ẹni tó pè lẹ́jọ́. Ẹlòmíì tó ti pé ọdún 18 ló gbọ́dọ̀ ṣe é, ṣẹ́ríìfù, ẹni tó ń fi iyẹn ṣe iṣẹ́, tàbí àbúrò yín, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fún un, lọ́jọ́ báyìí, níbi báyìí. Ní Texas náà, ẹni tó ń pẹjọ́ ò gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ mú un lọ. Mo san owó míì, mo tún bẹ̀rẹ̀ òǹkà.

Tí owó kóòtù bá pọ̀ jù, fọ́ọ̀mù wà láti fi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ ọ́ fún yín. Ẹ bi akọ̀wé kóòtù léèrè, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Kò fẹ́ dárúkọ · 12 oṣù kẹfà

Ẹ má bínú pé mo wọlé sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì. Ti Àdùnní kò nà án. Tèmi ń nà mí. Texas ni mo wà. Green card ọlọ́dún méjì ni mo ní, ó sì ní òun máa pe àwọn Immigration tí mo bá kúrò. Ṣé 60 ọjọ́ ni mo gbọ́dọ̀ fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀?

Ìyá Ìbejì Houston · 12 oṣù kẹfà

Ẹ má dúró 60 ìṣẹ́jú. 60 ọjọ́ yẹn, ìwé ló ń dúró, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ lè kúrò nílé lónìí. Tí ó bá gbọ́wọ́ sókè, 911. Tí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ máa sá sí tàbí ẹni tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀, 1-800-799-7233, ọ̀sán tàbí òru, kò gba owó. Ẹ lè ní kí wọ́n bá yín wá ògbufọ̀. Ẹ fi fóònù ẹlòmíì pè tí ó bá máa ń yẹ tiyín wò. Kóòtù lè fún yín ní ìwé ààbò tó ní kó jìnnà sí yín, tí ìwé ààbò lórí ìwà ipá inú ilé bá sì ti wà, Texas kì í fi 60 ọjọ́ yẹn dè yín mọ́. Mo ti fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí yín ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ dá mi lóhùn, mo wà lójúfò.

Ọmọ Àkúrẹ́, Bowie · 12 oṣù kẹfà

Ẹ̀gbọ́n tí ò dárúkọ, kò lè fi ìwé yín dẹ́rù bà yín bó ṣe rò yẹn. Ẹni tó ní green card ọlọ́dún méjì lè fi fọ́ọ̀mù I-751, èyí tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di ọlọ́dún mẹ́wàá, sílẹ̀ láìsí ọkọ níbẹ̀, yálà nítorí pé ìkọ̀sílẹ̀ ti parí, tàbí nítorí pé ọkọ ń fi ìyà jẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ ti ìyà jíjẹ, ẹ ò tilẹ̀ ní láti dúró de ìkọ̀sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé òótọ́ inú lẹ fi ṣe ìgbéyàwó náà: ìwé ilé tí orúkọ yín méjèèjì wà, ìwé owó orí ìjọba (tax) tí ẹ jọ san, fọ́tò, ìwé báńkì. Ẹ ya fọ́tò àwọn ìwé yìí kí ẹ tó jáde, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn lọ́yà ọ̀rọ̀ Immigration tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn tí wọ́n ń nà nílé wà, nọ́ńbà òkè yẹn lè tọ́ yín sọ́dọ̀ wọn.

Àdùnní, ìyẹn ò kàn yín. Ẹ ti ṣègbéyàwó ju ọdún méjì lọ kí ẹ tó wọlé lọ́dún 2018, ọlọ́dún mẹ́wàá ni wọ́n fún yín. Ìkọ̀sílẹ̀ ò gbà á lọ́wọ́ yín. Kódà ìwé tí ọkọ yín fọwọ́ sí pé òun á gbọ́ bùkátà yín nígbà tó ń mú yín wọlé, ìkọ̀sílẹ̀ ò pa á rẹ́.

Kò fẹ́ dárúkọ · 13 oṣù kẹfà

Mo ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ mi wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ ṣé.

Alhaja Minneapolis · 14 oṣù kẹfà

Alhamdulillahi fún ẹni tó kọ̀wé òkè yìí. Fún àwa Mùsùlùmí tó ń kà á: nikah àti ìwé ìjọba, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Kí kóòtù Amẹ́ríkà tú yín kò túmọ̀ sí pé nikah ti tú lójú àwọn àlùfáà yín, kí ọkọ sì sọ talaq (ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀) kò tú ìwé ìjọba. Obìnrin tó ń tọrọ khul', ìyẹn kí òun fúnra rẹ̀ béèrè ìkọ̀sílẹ̀, ló máa ń dá sàdáàkì padà. Ẹ ṣe méjèèjì, kí ẹ sì mú lẹ́mọ́mù mọ́ ọn. Mo mọ ẹni tí ìwé kóòtù rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́ta, tí kò sì rí nikah ṣe pẹ̀lú ẹlòmíì nítorí ọkọ àkọ́kọ́ kọ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ náà jáde, títí àwọn àgbà mọ́sálásí fi jókòó lé e.

Àdùnní Katy · 10 oṣù keje

Ẹ káalẹ́ gbogbo yín. Mo ní kí n wá jíṣẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Àbúrò mi ní Ìbàdàn lọ sí rẹ́jísìtírì, ó gba ẹ̀dà sàtífíkéètì tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, ẹnì kan bá a mú un bọ̀. Lọ́yà ti fi ìwé wọlé ní Upper Marlboro. Ìdí méjì ni wọ́n kọ síbẹ̀, ti oṣù mẹ́fà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ àti ti àìlèwọ̀ mọ́. Nígbà tí lọ́yà bi mí ní ọjọ́ tí ìgbé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bẹ̀rẹ̀, mo wá inú fóònù mi títí mo fi rí rìsíìtì ibi tí mo ti ra fóòmù náà. Ó wà nínú ìwé ẹjọ́ báyìí.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù yìí ni ìwé dé ọwọ́ ọkọ mi níbi iṣẹ́. Ó pè mí lálẹ́. Kò bú mi. Ó bi mí bóyá àwọn ọmọ ti jẹun.

Bàbá Akọ̀wé, bàbá mi ní kí n kí yín. Wọ́n ní àwọn máa ránṣẹ́ sí àwọn àna fúnra wọn tí ìwé bá parí, láti fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn, kò sí ohun tí wọ́n ń dá padà.

Tópẹ́, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ kó má lọ jẹ́ pé mo ṣì í kà: tó bá jẹ́ ọjọ́ kẹjọ ló gbà á, ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ni 30 ọjọ́ pé, àbí?

Tópẹ́ Silver Spring · 10 oṣù keje

Ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ni. Ẹ ní kí ẹni tó fún un níwèé tètè fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ ní kóòtù.